Kọ̀ǹpútà Náà A Máa Ṣe Àṣìṣe

Ohun kọ̀ọ̀kan ní irú ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbà sára. Kí onímọ̀ tó náwó lórí ohun tí yóò fi ṣe páńẹ́lì oòrùn, irú èyí tí a ń rí ní Marina, kọ̀ǹpútà ni ó ń fi ṣírò rẹ̀. Àmọ́ ìwọ̀n sílíkọ́nì jẹ́ eV 1.1, ìṣirò tí ó wọ́pọ̀ ń pè é ní bí ìdajì. Ní 1965, Lars Hedin ará Sweden gbé ọ̀nà àtúnṣe kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gba kọ̀ǹpútà lágbára púpọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n ṣì ń tún ètò rẹ̀ ṣe. Láti 2010 ni ASESMA ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà níṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má fi ìṣirò ṣeré: ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni yóò mọ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣìnà.