Kúrúnà: Ẹ Má Lé Ọmọ Ọlọ́mọ, Gbogbo Ilé Ni Kẹ́ Ẹ Tọ́jú

Àdìmín yín náà ni. Àwọn kan ní àwọn ò ráyè gbọ́ voice note tí mo ṣe lánàá, pé ó ń jẹ dátà. Torí ẹ̀ la ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà nìyí.

Ọ̀kan nínú wa ló kà á lórí fóònù pé kòkòrò ń gbé lójú èèyàn, kò wá rí oorun sùn mọ́. Ẹ gbọ́, òótọ́ ni. Demodex lorúkọ ẹ̀. Inú ihò irun ojú, imú àti ìpéǹpéjú ló ń gbé. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, ẹbí eégbọn àti aláǹtakùn ni, àmọ́ ó kéré débi pé tẹ́ ẹ bá to mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, wọ́n lè má ju mìlímítà kan lọ. Àgbàlagbà tí ò ní in lára ṣọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ wa ò sì ní rí aburú kankan látọ̀dọ̀ ẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, ìpéǹpéjú lè máa yún, kó pọ́n, kí nǹkan bí èépá máa dì mọ́ ìdí irun ẹ̀. Ẹni tó bá rí ìyẹn, kó lọ rí dókítà ojú. Ẹ̀yin tó kù, ẹ sùn.

Èyí tó yẹ ká máa ṣọ́ ni ìbátan ẹ̀, Sarcoptes scabiei. Òun ló ń fa kúrúnà, tí àwọn Hausa tá a jọ ń gbé ní Zaria ń pè ní kazuwa. Kasuwa ni ọjà o, kazuwa ni kúrúnà. Ẹ fara balẹ̀ pè é, kẹ́ ẹ má lọ béèrè pé ọ̀nà kúrúnà dà! WHO ní nǹkan bí 200 mílíọ̀nù èèyàn ló ń ní in lẹ́ẹ̀kan náà láyé, ọdún 2017 ni wọ́n sì kà á mọ́ àwọn àìsàn tí aráyé pa tì.

Abo ẹ̀ ló ń gbẹ́ ihò wọ inú awọ ara bí eku, á máa yé ẹyin méjì sí mẹ́ta lójúmọ́. Ẹyin yẹn á pa lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Àárín ìka ọwọ́, ọrùn ọwọ́, abíyá, ìdí, ojú ara, ibẹ̀ ló fẹ́ràn. Òru ló sì máa ń yún jù.

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló wá kàn yìí: tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ téèyàn máa kó o, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún. Láàárín ìgbà yẹn, ẹni yẹn ti ń kó o ran ẹlòmíì.

Àìmọ̀ yẹn ló mú kí n ṣẹ̀. Lọ́dún kan, ọmọ mi ọkùnrin dé láti ilé ìwé tí wọ́n ń gbé, ó ń họ ọwọ́. Mo ní ọyẹ́ ni. Mo fi òrí pa á, ó padà sí school. Níparí January, gbogbo ilé ń họ ara. Ọmọ almajiri kan wà tó ń bá wa fọ abọ́, a sì ń fún un lóúnjẹ. Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ méjì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Mo lé e lójú àwọn èèyàn, pé òun ló kó o wá. Ó ní, "Mama, me na yi?" Kí lòun ṣe? Mi ò tiẹ̀ wo ọwọ́ ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tí mo lọ bá ló bi mí pé ta ló kọ́kọ́ họ ara nínú ilé yín. Ẹnu mi wọhò. Ìgbà tí mo wá ọmọ yẹn lọ, wọ́n ní málàmù wọn ti kó wọn kúrò.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn sọ. Ọjọ́ kan náà ni kí gbogbo ilé lo òògùn, títí kan ẹni tí ara ò yún. Bí kò ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó kù á tún dá a padà fún yín. Permethrin 5% ni, ẹ fi pa ara láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, àti abẹ́ èékánná, kó wà lára mọ́jú. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ti ọmọ ọwọ́ àti aláboyún, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ àti bẹ́díṣíìtì. Èyí tí ò ṣeé fọ̀, ẹ dì í sínú nylon fún ọ̀sẹ̀ kan. Ara ṣì lè yún díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, ẹ má torí ẹ̀ ki òògùn bọlẹ̀.

Ivermectin náà ń pa á. Òun ni Mectizan tí wọ́n ń pín lábúlé nítorí àìsàn etí odò tó ń fọ́ni lójú. Ìpínlẹ̀ Kaduna wa yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adenike Abiose àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti ṣèwádìí ẹ̀ fún ojú, ìwé wọn jáde lọ́dún 1993. Àmọ́ ẹ má dá a lò o. Wọn kì í fún aláboyún, wọn kì í fún ọmọ tí kò tó kílò 15.

Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí Izal wẹ̀. Àwọn ọ̀rá onísìtẹ́rọ́ìdì tẹ́ ẹ̀ ń rà lójú títì, ṣe ni wọ́n ń bo yíyún mọ́lẹ̀, kòkòrò ń bí sí i. Èékánná tó bẹ́ awọ ara lè jẹ́ kí kòkòrò àrùn mìíì wọlé, ó sì lè dé kíndìnrín. Ọmọ tí ojú ẹ̀ bá wú láàárọ̀, tí ìtọ̀ ẹ̀ dúdú bíi zobo, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Ẹ ó ní gwanjo tí mò ń tà ní Sabon Gari ńkọ́? Kòkòrò yìí kì í sábà ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó bá kúrò lára èèyàn, ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì ni bélì fi ń bọ̀ lórí omi. Àjọsùn lórí ẹní kan náà ló ń kó o ranni jù. Síbẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́.

Kúrúnà kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe àìsàn almajiri. Tó bá wọlé yín, ẹ ka ọ̀sẹ̀ kẹ́ ẹ tó na ìka sí ẹnikẹ́ni. Ẹ bá mi pín in dé àwọn gúrúpù yín. Ó dàárọ̀ o.