Gbèsè Wà Lọ́rùn, Ilé Wà Lọ́kàn: Èwo Ló Yẹ Kéèyàn Kọ́kọ́ Gbọ́ Tiẹ̀?

Ìparí oṣù ni fóònù òṣìṣẹ́ máa ń pariwo jù l'Ékòó. Álẹ́ẹ̀tì owó oṣù á kọ́kọ́ wọlé. Kó tó tó wákàtí kan, òmíràn á tẹ̀ lé e: áàpù tó yáni lówó ti fa tiẹ̀. Ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í tilẹ̀ dún ní tiẹ̀, ọ́fíìsì á ti gé e kí owó tó jáde. Nínú ìyókù lèèyàn á ti jẹun, á ti wọkọ̀, á sì tún máa ṣẹ́ díẹ̀ pamọ́ de onílé. Àsìkò yìí gan-an ni àwọn tó ń ta ilẹ̀ máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: púlọ́ọ̀tì kan ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí tàbí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀, ẹ máa san ìyókù lóṣooṣù fún ọdún méjì. Ẹni tó jẹ gbèsè á wo iye tó ń kó fún onílé lọ́dọọdún, á wo àtẹ̀jíṣẹ́ náà, á sì máa rò ó pé bóyá ọ̀nà àbáyọ rèé.

Ìbéèrè tó máa ń bi ara rẹ̀ nígbà náà ni pé, ṣé kí n rà ni, àbí kí n ṣì máa yálé gbé? Lójú tèmi, ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn: gbèsè tó wà nílẹ̀ yìí, èlé mélòó ló ń gbà lóṣù? Ìdáhùn rẹ̀ ló máa sọ bóyá kéèyàn tọwọ́ bọ àpò fún ilé tàbí kó ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣàdúrà fún ẹnikẹ́ni láàárín wa kí wọ́n má fi "wàá kọ́lé" kún un. Ohun tó yẹ ká fi bírò ṣírò ti di ọ̀rọ̀ iyì àti ìtìjú lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣàpẹẹrẹ. Ká ní obìnrin kan ń gba ₦300,000 lóṣù, tó sì ń san ₦600,000 fún onílé lọ́dún. Ó jẹ áàpù kan ní ₦800,000, èlé rẹ̀ sì jẹ́ 5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Létí, 5 kò jọ nǹkan kan. Àmọ́ ₦40,000 ni lóṣù, ₦480,000 sì ni lọ́dún. Bí kò bá san kọ́bọ̀, tí èlé ń gun orí èlé, gbèsè náà á ti lé ní ₦1,430,000 nígbà tí ọdún bá yípo. Wọ́n wá fi púlọ́ọ̀tì ₦3,000,000 lọ̀ ọ́, ₦125,000 lóṣù, fún oṣù 24.

Bó bá ní ilẹ̀ lòun máa kọ́kọ́ rà, á máa san ₦125,000 fún onílẹ̀, á sì máa fi ₦40,000 pa áàpù lẹ́nu mọ́. ₦165,000 ló ń jáde lóṣù nìyẹn. Nígbà tí oṣù 24 bá pé, ilẹ̀ ti di tirẹ̀, ó sì ti san ₦960,000 fún áàpù. Mélòó ló kù nínú gbèsè? ₦800,000 géérégé, bó ṣe wà lọ́jọ́ tó yá a. Kó tó fi ₦165,000 náà san án tán, oṣù mẹ́fà mìíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sí i. Gbogbo rẹ̀, oṣù 30.

Ẹ wá yí i padà. Ẹ jẹ́ kó kó ₦165,000 kan náà lé gbèsè lórí lákọ̀ọ́kọ́. Oṣù mẹ́fà kò ní pé tí gbèsè á fi tán. Lẹ́yìn ìyẹn, kó kọjú owó náà sí ilẹ̀, oṣù 18 lé díẹ̀ ni. Kí oṣù 24 tó pé, ilẹ̀ ti di tirẹ̀, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ á ní bó bá fi máa padà wá, ilẹ̀ á ti gbówó lórí. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ilẹ̀ ń gbówó lórí. Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò yìí, àfi bí púlọ́ọ̀tì ₦3,000,000 bá di ₦3,960,000 láàárín oṣù mẹ́fà péré kí ọ̀nà méjèèjì tó dọ́gba. N kò sọ pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí. Ẹni tó bá ń fi owó áàpù lé e kiri ló ń ta tẹ́tẹ́. Kó sì tún ka ìwé àdéhùn tí wọ́n gbé fún un dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní owó ìtanràn fún ẹni tó bá pẹ́ san, òmíràn sì wà tó ní wọ́n lè gba ilẹ̀ padà, kí wọ́n yọ iye kan nínú owó tó ti san kí wọ́n tó dá ìyókù padà.

Àwọn bàbá wa mọ irú gbèsè yìí, tí èèyàn ń san èlé rẹ̀ tí kò sì dín kù, dunjú. Ìwọ̀fà ni. Ẹni tó yá owó á lọ máa ṣiṣẹ́ lóko olówó, tàbí kó fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ sọfà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé ni. Kò bu nǹkan kan kúrò lára owó. Ó lè ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, tí wọn kò bá ti rí owó gidi san, iye tí wọ́n yá náà ni wọ́n ṣì jẹ. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, ó sì sọ̀rọ̀ ológò náà, ẹni tí wọ́n ń rán lọ jókòó ti onígbèsè nínú ilé, tí á máa yọ gbogbo agbo ilé lẹ́nu títí wọ́n á fi wá owó jáde. Inú fóònù ni ológò òde òní ń gbé. Òun ló máa ń kọ̀wé sí ìyàwó àbúrò rẹ, sí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, sí ẹni tó ń rán aṣọ fún ọ, pé olè ni ọ́. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà, ti ń gbógun ti irú àwọn áàpù bẹ́ẹ̀, ó sì gbé òfin tuntun jáde lórí wọn ní 2025. Òfin náà lè dín ariwo kù, kò ní kí èlé má pọ̀.

Àmọ́ gbogbo gbèsè kọ́ ló rí báyìí, ibí sì ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ pé kéèyàn má fọwọ́ kan ilé títí tí kò fi ní jẹ ẹnikẹ́ni. Ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló yá obìnrin yẹn ní ₦800,000, ní èlé 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. ₦80,000 ni èlé gbogbo ọdún, iye tí áàpù á gbà lóṣù méjì. Fún oṣù December 2024, NBS, àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè, kéde pé ọjà ti fi 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí láàárín ọdún kan. Nígbà tí wọ́n tún ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò rẹ̀ ṣe, iye ti oṣù January 2025 jẹ́ 24.48. Èyí ó wù kéèyàn mú nínú méjèèjì, owó èlé 10 ń fúyẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́, torí náírà tó máa fi san án lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní ra ohun tí tòní ń rà. Bí ilẹ̀ tí ìwé rẹ̀ pé bá wà níwájú, kò sídìí fún sísáré san irú gbèsè bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló lè ba ìṣirò yìí jẹ́: kí owó oṣù dúró sójú kan. Láti 2019 ni owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà ti wà ní ₦30,000, July 2024 ló tó di ₦70,000. Gbogbo ọdún márùn-ún yẹn, ọjà ń lọ sókè, owó kò mira. Fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí gbèsè tó fúyẹ́, gaàrí á ti jẹ owó tó fẹ́ fi san án.

Wọ́n tún máa ń sọ pé owó tí à ń san fún onílé, inú omi là ń dà á sí. N kò gbà. Ẹni tó sanwó ilé ti ra ibi tó ń sùn fún ọdún kan, ó sì lè palẹ̀ ẹrù mọ́ bí iṣẹ́ bá gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ẹni tó ra púlọ́ọ̀tì síbi tí iná kò tíì dé ń kọ́? Òun náà ṣì ń sanwó ilé, nítorí ilẹ̀ kò ṣeé sùn sí. Ohun tí àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn tó ń ta ilẹ̀ kì í mẹ́nu bà nìyẹn. Búlọ́ọ̀kù wà níwájú, sìmẹ́ńtì wà, owó ìwé àṣẹ ìkọ́lé wà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ á gba owó fáúndéṣọ̀n, wọ́n á gba ti dẹ́kìn, wọ́n á gba ti òrùlé. Ìjọba Èkó ṣòfin lòdì sí wọn ní 2016. Ẹ bi bíríkìlà yín léèrè bóyá wọ́n ti gbọ́. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sanwó ilé, tí wọ́n sì ń ra sìmẹ́ńtì, fún ọdún mẹ́wàá gbáko.

Ohun tí ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rù ni onílé tó kàn jí lọ́jọ́ kan tó fi owó gọbọi kún owó ilé. Òfin ayálégbé Èkó ti 2011 ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kó wọlé. Òfin yìí kan náà gba ayálégbé láàyè láti lọ sí kóòtù bí àfikún owó bá pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n òfin náà kò dé Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà, níbi tí ilé ti wọ́n jù. Ìrọ̀rùn díẹ̀ wà nínú òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026: ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ọdún, tí kò ní ju ₦500,000 lọ, á yọ kúrò nínú owó tí wọ́n máa gé owó orí lé lórí. Èlé ẹ̀yáwó ilé téèyàn fúnra rẹ̀ ń gbé náà máa yọ. Torí náà, òfin yìí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan nínú ayálégbé àti ẹni tó ń yáwó ní ilé.

Ẹni tí kò fẹ́ ra ilẹ̀, tó jẹ́ ilé tó ti dúró ló ń wá, mọ́gééjì ló kù fún un. Níbẹ̀, ẹni tó yáni lówó ló pàtàkì jù. Èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fi ń darí ti àwọn báńkì yòókù jẹ́ 11.5 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022. Ní November 2024 ó ti di 27.5, wọ́n sì rọra bù ú sí 27 ní September 2025. Bí báńkì bá yáni ní ₦15,000,000 ní èlé 28 lọ́dún fún ọdún 15, nǹkan bíi ₦355,000 lèèyàn á máa san lóṣù. Owó NHF, àpò owó ilé tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1992, tí Federal Mortgage Bank ń bójú tó, kò jọ èyí rárá. Ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni wọ́n ń gé síbẹ̀, a sì mọ̀ ọ́n sí èlé 6 nínú ọgọ́rùn-ún, tó lè gùn tó ọdún 30. ₦15,000,000 kan náà á wá jẹ́ ₦90,000 lóṣù. Wọ́n ti gbé iye tí wọ́n lè yá ẹnì kan dé ₦50,000,000. Láti 2022 ni àjọ PenCom sì ti gba ẹni tó bá tó ọdún márùn-ún nídìí owó ìfẹ̀yìntì láàyè láti mú ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fi san owó ìbẹ̀rẹ̀ ilé.

Ìwé ilẹ̀ ló máa ń dí àwọn tó fẹ́ gba mọ́gééjì lọ́nà. Lábẹ́ òfin lílo ilẹ̀ ti 1978, gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀. Torí náà, kò sí báńkì tó máa fi rìsíìtì lásán tí mọ̀lẹ́bí kọ, tí ìjọba kò fọwọ́ sí, gba ilé ṣe ìdúró.

Ibi tí gbèsè alájẹṣẹ́kù tí mo ní kéèyàn má sáré san ti máa ń padà bíni léèrè ni ìwé owó oṣù. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí owó mọ́gééjì oṣù mọ. Fún obìnrin ₦300,000 wa, ₦100,000 nìyẹn, ó sì lè gbé mọ́gééjì nǹkan bíi ₦16,600,000 ní èlé 6 fún ọdún 30. Bí alájẹṣẹ́kù bá ń gé ₦45,000, tí wọ́n sì kà á mọ́ ọn, ₦55,000 ló kù, ìyẹn nǹkan bíi ₦9,100,000, tí kò lè ra ilé gidi l'Ékòó lónìí. Ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Bó bá ti pé ọdún 45, tó sì máa fẹ̀yìn tì ní 60, ọdún 15 ni wọ́n á fún un, ₦100,000 rẹ̀ kò sì ní gbé ju nǹkan bíi ₦11,850,000 lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó lọ jókòó ti akọ̀wé alájẹṣẹ́kù, kó béèrè iye tó kù, kó san án tán kó tó gba fọ́ọ̀mù mọ́gééjì.