Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Yan Gàrí

Kí n tó rí ilé gàrí náà ni mo ti gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan ló kọ́kọ́ pàdé mi lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ayétòrò, lẹ́yìn náà èéfín igi, lẹ́yìn náà ariwo ẹ̀rọ tó bo ohùn gbogbo. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, àwọn obìnrin sì ti jókòó sórí àpótí kúkurú yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ọ̀bẹ ń lọ, ọ̀bẹ ń bọ̀.

Ọmọkùnrin kan ló wà nídìí ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́. Ó gbé garawa kọjá èjìká, ó dà á sẹ́nu ẹ̀rọ, ó sì fi ọwọ́ òsì ti èyí tó há wọlé. Ọwọ́ ni o. Igi tó yẹ kó fi tì í wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìlànà àgbáyé kan, ISO 13857, sọ pé bí ẹnu ẹ̀rọ bá fẹ̀ tó mílímítà 40 sí 120, ohun tó ń gé nínú gbọ́dọ̀ jìnnà sí ẹnu náà ní mílímítà 850, kí apá má baà dé ibẹ̀. Ẹnu eléyìí gba garawa. Jíjìn rẹ̀ kò sì ju láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá lọ.

Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rin yóò wọ àpò, àpò yóò wọ abẹ́ jáàkì tí ń fún omi rẹ̀ jáde. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀. Obìnrin méjì bẹ̀rẹ̀, wọ́n di etí àpò mú, wọ́n yí ìbàdí, wọ́n jù ú sókè. Omi funfun ṣàn dé orúnkún wọn. Ìṣirò NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ààbò iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kò ní kí ẹnì kan gbé ju kìlógíráàmù 23 lọ, ìyẹn bí ẹrù bá súnmọ́ ara, tí kò sí nílẹ̀, tí ìbàdí kò sì yí. Mo wá òṣùwọ̀n káàkiri. Kò sí.

Abẹ́ àtíbàbà ìyangàrí ni mo pẹ́ sí jù.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi.”

“Káàbọ̀, ọmọ mi. Má dúró síbẹ̀ o, ibẹ̀ lèéfín ń gbà.”

Mo kúrò, èéfín tẹ̀ lé mi. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ààrò náà láti ilẹ̀ dé etí agbada, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ lè wọ̀, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ni ìyá tó dá mi lóhùn kọ sí iná: ẹsẹ̀ rẹ̀ dojú kọ ọ̀nà, àyà rẹ̀ dojú kọ agbada, ìbàdí sì lọ́ sáàárín àwọn méjèèjì. Ó ń fi awẹ́ igbá tẹ ẹ̀gẹ́ mọ́ agbada, ó ń fà á, ó ń yí i padà, ó tún ń tẹ̀ ẹ́. Aṣọ tó ti gbó ló ká mọ́ itan ọ̀tún, nítorí ooru. Eruku gàrí funfun bo irun ojú rẹ̀. Sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ ń di afẹ́fẹ́ ní nǹkan bíi 26°C, ìyẹn ló ṣe ń bá ooru jáde tí gàrí fi ṣeé jẹ. Imú ẹni tó tẹ̀ ba agbada ló ń gbà kọjá.

Àtíbàbà kejì jẹ́ tuntun. Ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n ti ń ki igi bọ iná, ọ̀pá èéfín gun òkè òrùlé, mo sì mí kanlẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló dúró ti agbada onírin gígùn kan. Ìwé àwọn onímọ̀ ní kí ibi iṣẹ́ tó gba agbára fi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 40 relẹ̀ ju ìgúnpá lọ. Ti obìnrin tó ga jù láàárín wọn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Èyí tó kúrú jù gun búlọ́ọ̀kù.

Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń na ara. Mo fi téèpù wọn fífẹ̀ agbada náà: sẹ̀ǹtímítà 55. Ibi tí ọwọ́ ń dé láìjẹ́ pé ìgúnpá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara jẹ́ nǹkan bíi 35 sí 45.

Wẹ́dà tó jó agbada náà wà nítòsí, ó ń tún ẹsẹ̀ jáàkì ṣe. Mo bi í léèrè bó ṣe yan fífẹ̀ yẹn.

“Ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4 ni páànù tí à ń rà, ẹ̀gbọ́n. Mo là á sí méjì lóòró, mo tẹ etí rẹ̀ sókè. Kò sí àjẹkù.”