Ọ̀rọ̀ Tí Ẹbí Ti Parí: Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Tún Hú U?

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹbí Yorùbá kan tí kò ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó ti parí, tí kò sì parí. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ìsìnkú, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àfẹ́sọ́nà tí àwọn kan kò fẹ́. Olórí ẹbí ti dá sí i, wọ́n ti pín obì jẹ. Síbẹ̀, bí ayẹyẹ bá ti kó ẹbí jọ, ẹnìkan yóò rọra bi èèyàn pé, "Ṣé ẹ rántí ọ̀rọ̀ ọjọ́sí?" Ọ̀rọ̀ tún dé nìyẹn.

Àwa ọ̀dọ́ la sábà máa ń bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀. A kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dá a, ṣùgbọ́n àwa la ó jogún rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a yẹ iṣẹ́ ẹni tó ń fi òpin sí ọ̀rọ̀ wò. Báwo ló ṣe yẹ kó parí rẹ̀? Kí ló sì yẹ kó ṣe bí ẹnìkan bá tún gbé e dé?

Nínú ètò àwọn baba wa, baálé ló kọ́kọ́ ń gbọ́ aáwọ̀ inú agbo ilé. Bí ó bá kọjá agbára rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò. Bí ìyẹn náà kò bá lè yanjú rẹ̀, ó di ààfin ọba. Ẹni tí ìdájọ́ kò tẹ́ lọ́rùn mọ ọ̀nà tí yóò gbà, kò nílò láti máa sọ ọ́ kiri ẹ̀yìnkùlé.

Ẹjọ́ kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà mọ̀ dáadáa, ìyẹn ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Suberu Dawodu kú ní ọdún 1940 láìṣe ìwé ìhágún, ó sì fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín ohun ìní rẹ̀, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan? Àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀? Adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-ò-jorí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà yí i padà ní 1958. Ọ̀rọ̀ náà rìn títí dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì fòǹtẹ̀ lu ìdí-igi ní 1962. Ọdún 22 ló wà láàárín ikú baba àti ìdájọ́ ìkẹyìn.

Ìlànà tí ẹjọ́ yẹn fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fi àyè kan sílẹ̀. Bí àríyànjiyàn bá dìde lórí irú pípín tó yẹ, olórí ẹbí lè pinnu pé orí-ò-jorí ni kí wọ́n lò, ìpinnu rẹ̀ ni yóò sì lékè. Agbára ńlá nìyẹn. Bí a bá lò ó dáadáa, ó lè gba ẹbí lọ́wọ́ ilé ẹjọ́. A kì í kúkú ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Èmi ni akọ̀wé ìpàdé ẹbí wa. Nítorí pé mo kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, wọ́n ní èmi ni mo lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Láti ìdí ìwé àkọsílẹ̀ yẹn ni mo ti ń wo Bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí wa. Kí wọ́n tó fi òpin sí ọ̀rọ̀, wọ́n á bi gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ìyàwó ilé tó kéré jù, bóyá ó ku nǹkan tí a fẹ́ sọ. Àgbà òṣìkà ní í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kí n kọ ìpinnu sílẹ̀, kí n sì kọ ìdí rẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí ẹnìkan bá wá gbé ọ̀rọ̀ náà dé lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi í: "Kí lo rí tí a kò rí lọ́jọ́ náà?"

Bó bá jẹ́ pé ìbínú nìkan lèsì rẹ̀, Bàbá á ní ọ̀rọ̀ ti parí. Wọn kì í bú onítọ̀hún, wọ́n á pè é sí yàrá lẹ́yìn ìpàdé. Wọn kì í sì í gbà kí ẹni tó jàre máa fi ìdájọ́ pa òwe mọ́ ẹni tó jẹ̀bi, nítorí pé èébú a máa jí ọ̀rọ̀ tó ti sùn.

Àǹtí mi kan sọ pé owó ìyá àwọn ni wọ́n fi kọ́ yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé bàbá wa àgbà. Kò sí ẹ̀rí, ẹbí sì dá a pé ti gbogbo ilé ni. Lẹ́ẹ̀mejì ni Àǹtí tún gbé e dé, lẹ́ẹ̀mejì ni ìbéèrè Bàbá sì dá wọn padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, Àǹtí kúnlẹ̀, wọ́n kó rìsíìtì páànù àti símẹ́ǹtì sílẹ̀, orúkọ ìyá wọn ló wà lórí wọn. Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ olóògbé ni wọ́n ti rí i. Àwọn kan pariwo pé a ti parí ọ̀rọ̀ yìí.

Bàbá dáhùn pé, "Ohun tí a mọ̀ la parí. A kò parí ohun tí a kò tíì mọ̀."

Wọ́n ránṣẹ́ pe bíríkìlà tó ṣiṣẹ́ náà, ó ti darúgbó, ó sì jẹ́rìí. Àǹtí gba yàrá méjèèjì. Bàbá ní kí n má ṣe fa ìlà lé ìpinnu àtijọ́, kí n kọ tuntun sábẹ́ rẹ̀, kí ọmọ tó ń bọ̀ lè rí bí a ṣe débẹ̀.

Ó yẹ kí òpin wà lóòótọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà kọ̀ láti tún ìdájọ́ rẹ̀ lórí ìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Bayelsa yẹ̀ wò. Ní oṣù Kẹta, ó kọ ti Imo náà. Bí gbogbo ẹjọ́ bá ń padà wá, kò sẹ́ni tí yóò fọkàn balẹ̀ kọ́lé. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ kì í bá olùpẹjọ́ jẹun lọ́jọ́ ọdún. Ẹbí ń bá ara wọn jẹun, ẹni tí wọ́n fi ipá pa lẹ́nu mọ́ yóò sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá sídìí abọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ kan ti parí, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn àgbà: ta ló wà níbẹ̀, ta ni kò sí níbẹ̀, kí sì ni ìdí ìpinnu náà? Bí ìdáhùn bá wà, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sinmi. Bí kò bá sí, ẹ ra ìwé kan fún ìpàdé ẹbí yín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí àwọn tó mọ ìtàn rẹ̀ ṣì wà láàyè.