Akọ̀wé Ìjọba àti Ètò Ìdájọ́ Ọ̀daràn

Ẹni tí ó bá gba Kejetia kọjá ní ìlú Kùmásì, ní orílẹ̀-èdè Gánà, yóò mọ̀ pé inú ọjà ńlá ni òun wà. Alárù ń ké àgò, awakọ̀ ń pe èrò, oníṣòwò ń ná ọjà. Ìlú náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Ọ̀fà ni wọ́n ti ṣòwò níbẹ̀, tí wọ́n sì bímọ síbẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde. Ìwé tí ọ̀pọ̀ kò kà sí tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí ọlọ́pàá ń béèrè. Ọ̀pọ̀ ìdílé di ẹrù wọn, wọ́n sì padà sílé.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ wa? Òun ni pé akọ̀wé tí ó wà nídìí tábìlì àti ọlọ́pàá tí ó dúró lójú ọ̀nà kò lè ya ara wọn. Bí ọ̀kan bá ṣe àṣìṣe, ará ìlú ni yóò jìyà rẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí ẹni tí ń kọ́ ìṣàkóso ìlú fún oyè kejì ní yunifásítì kọ́ nípa ètò ìdájọ́ ọ̀daràn pẹ̀lú.

Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Johnson yàn ṣàlàyé ní 1967 pé ọlọ́pàá, kóòtù àti ọgbà ẹ̀wọ̀n so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n irin. Kọ́lẹ́ẹ̀jì John Jay ní New York, tí a dá sílẹ̀ ní 1964, ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ méjèèjì fún oyè kejì. Ní Gánà, GIMPA, tí a dá sílẹ̀ ní Akra ní 1961, ń kọ́ni ní ìṣàkóso ìlú àti òfin.

Àǹfààní rẹ̀ kò fara sin. Òfin ìpìlẹ̀ Gánà ti 1992 sọ pé ẹni tí a mú, tí a kò sì dá sílẹ̀, gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́ láàárín wákàtí 48. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn. Bí kò bá sí ọkọ̀ tí yóò gbé ẹni náà lọ sí kóòtù, bí fáìlì ẹjọ́ bá sọnù, bí a bá gbé ọlọ́pàá tí ń wádìí lọ sí ìlú mìíràn, ẹni tí a kò tíì dá lẹ́bi yóò wà ní àtìmọ́lé. Ọ̀ràn owó, ìwé àti òṣìṣẹ́ ni ìwọ̀nyí. Ní 2007 ni Gánà bẹ̀rẹ̀ ètò tí adájọ́ fi ń jókòó nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n láti gbọ́ ẹjọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà náà ṣe òfin ní 2015 pé kí májísíréètì máa bẹ àgọ́ ọlọ́pàá wò lóṣooṣù.

Àwọn kan lè wí pé iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni èyí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò a máa ro ẹjọ́ ẹnìkan. Alákòóso ni ó ń la ọ̀nà tí ẹjọ́ gbogbo ènìyàn yóò gbà.

Kì í ṣe ìwé ẹ̀rí tí a fi kọ́ ara ògiri ni èrè ẹ̀kọ́ yìí. Bí a bá mú alárù kan ní Kejetia ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ó sì ti rojọ́ níwájú adájọ́ kí òwúrọ̀ Ọjọ́rú tó mọ́, ẹ̀kọ́ náà ti so èso.