Bí A Ṣe Ń Jẹun Láti Tokyo Dé Fukuoka

Ẹni tó bá fẹ́ jẹun káàkiri àwọn ìlú ńlá Jàpáànù, kó kọ́kọ́ mọ̀ pé ilé oúnjẹ níbẹ̀ kì í sábà se oríṣiríṣi. Ẹni tó ń ta súṣì, súṣì ló ń tà. Ẹni tó ń ta ramen, ìyẹn núdù inú omitoro gbígbóná, ramen nìkan ló fi ń jẹ́. Ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní ọwọ́ ìsebẹ̀ tirẹ̀. Ìlú tí ẹ bá dé ni yóò sọ ohun tí ẹ máa jẹ fún yín.

Ọkọ̀ ojú irin ló dára jù fún ìrìn náà. Shinkansen, èyí tó ń sáré bí àṣá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín Tokyo àti Osaka ní 1964. Nígbà tó di 1975, ó dé Hakata ní Fukuoka. Nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ni èyí tó yá jù ń lò láti Tokyo dé ibẹ̀. Ẹ ra ekiben kí ẹ tó wọlé. Oúnjẹ inú páálí ni, ibùdókọ̀ ni wọ́n ti ń tà á, ti ìlú kan kì í sì í jọ ti ìkejì. Ẹ má gbọ́kàn lé kẹ̀kẹ́ oúnjẹ inú ọkọ̀, torí pé láti 2023 ni wọ́n ti dá a dúró fún àwọn tó wà ní ìjókòó olówó pọ́ọ́kú lójú ọ̀nà Tokyo sí Osaka.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ramen, ẹ̀rọ kan ló máa kí yín káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ki owó bọ̀ ọ́, ẹ tẹ àwòrán oúnjẹ tó wù yín, ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì tó bá já bọ́, kí ẹ fà á lé alásè lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú wọn kì í gba káàdì, torí náà ẹ mú owó bébà 1,000 yen dání. Omi tútù kò lówó lórí. Wọn kì í gba owó ìmoore. Bí ẹ bá fi ṣéńjì sílẹ̀, wọ́n lè sáré tẹ̀ lé yín dé títì láti dá a padà. Kò sí ẹ̀gàn nínú kéèyàn fa núdù sẹ́nu tariwotariwo. Ohun tó jẹ́ èèwọ̀ ni kéèyàn ki igi ìjẹun méjèèjì dúró ṣánṣán sínú ìrẹsì, nítorí bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ síwájú òkú nìyẹn.

Adùn kan wà tó pa gbogbo ìlú wọ̀nyí pọ̀. Dashi ló ti ń wá: omi tí wọ́n fi kombu, ewé inú òkun, àti ẹja gbígbẹ tí wọ́n fá pẹ́lẹ́bẹ́ sè. Adùn náà ti wọ ilé ìdáná wa tipẹ́. Ní 1908, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kikunae Ikeda ní Tokyo wá ìdí ohun tó ń mú omi kombu dùn, ó rí i, ó sì pe adùn náà ní umami. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní hóró funfun wínníwínní. Ajinomoto nìyẹn. Ẹni tí kì í jẹ ẹja gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí ọbẹ̀ tí ewébẹ̀ nìkan hàn nínú rẹ̀ lè jẹ́ pé omi ẹja ni wọ́n fi sè é.

Ní Kyoto, ẹ gba ọjà Nishiki kọjá, ṣùgbọ́n ẹ dúró jẹun níwájú ẹni tó tà á fún yín. Wọn ò fẹ́ kéèyàn máa rìn máa jẹ.

Osaka ni kí ẹ ti fàyè sílẹ̀ nínú ikùn. Ibẹ̀ ni takoyaki wà, tó rí roboto bí pọfupọ́ọ̀fù, tí ẹran inú òkun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ wà láàárín rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, torí inú rẹ̀ gbóná ju ara rẹ̀ lọ. Okonomiyaki tún wà níbẹ̀: wọ́n á po fùláwà, ẹyin àti kábéèjì pọ̀ sínú abọ́ kan, wọ́n á sì dà á sórí irin gbígbóná. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ní Hiroshima. Níbẹ̀, wọ́n á da fùláwà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí irin, wọ́n á kó kábéèjì lé e bí òkìtì, wọ́n á to ẹran lé e, wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀, lẹ́yìn náà ni núdù àti ẹyin yóò wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n jù sí Hiroshima ní 1945, nígbà tí oúnjẹ wọ́n, fùláwà ló gba ìlú náà là. Ti Hiroshima ni mo fara mọ́, torí adùn ohun kọ̀ọ̀kan ń dá hàn lẹ́nu.

Yatai ni ti Fukuoka: búkà kéékèèké tí wọ́n ń fà wá sẹ́bàá títì nírọ̀lẹ́. Omi egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń se ramen wọn, kí ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ̀. Bí núdù yín bá tán tí omi rẹ̀ ṣẹ́ kù, ẹ sọ pé "kaedama", wọ́n á fi núdù mìíràn kún un. Nǹkan bí èèyàn mẹ́wàá ni búkà kan ń gbà. Tí ẹ bá ti jẹ tán, ẹ sanwó, ẹ sọ pé "Gochisosama", ìyẹn ẹ ṣeun fún oúnjẹ, kí ẹ sì dìde fún ẹni tó dúró lẹ́yìn yín.