Títún Ọrun Ògbólógbòó Ṣe
Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àgbà àti ọmọ ilé-ìwé, bí ẹ bá rí ọrun tí bàbá-ńlá yín fi ṣọdẹ ní orí àjà, ẹ má ṣe fà á lójú ẹsẹ̀. Igi tí ó ti gbẹ gan-an lè ṣẹ́ mọ́ ènìyàn lójú.

Ẹ kọ́kọ́ gbé e síta gbangba. Ọrun ní ẹ̀yìn, ó sì ní inú. Ẹ̀yìn ni ó kọjú sí ẹran. Inú ni ó kọjú sí ọdẹ. Bí a bá fà á, ẹ̀yìn a nà, inú a sún kì. Àwọn tí ń gbẹ́ ọrun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ mọ èyí. Ọkọ̀ ogun wọn, Mary Rose, rì ní 1545, a sì gbé e jáde ní 1982. Ọrun tí a bá nínú rẹ̀ lé ní 130. Igi funfun tí ó wà lábẹ́ èèpo yew ni wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn, nítorí ó ń nà. Ọkàn igi ni wọ́n fi ṣe inú.

Ẹ̀yìn yìí ni kí ẹ yẹ̀ wò jù. Bí ó bá sán ní ìdábùú, ẹ fi kọ́ ara ògiri, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Bí ó bá là gbọọrọ bí igi ìdáná ti í là, ẹ fi gúlù káfíńtà sí i, kí ẹ fi òwú líle wé e pinpin, kí ó gbẹ dáadáa.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọsán sí i, ẹ rọra fà á díẹ̀, kí ẹlòmíràn máa wò ó. Ṣé apá méjèèjì tẹ̀ dọ́gba? Èyí tí kò tẹ̀ ni kí ẹ fi àfọ́kù ìgò fá, ní inú nìkan. Ẹ fá a díẹ̀, ẹ fà á, ẹ tún wò ó. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, apá tí ó rọ̀ ni èmi fá, mo rò pé mo ń ràn án lọ́wọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó fi ṣẹ́, ẹkún ni mo sun.

Ẹ fi ewé eèpín dán an, kí ẹ fi ìda oyin pa á lára. Bí ọsán bá ti ń ja fọ́nrán-fọ́nrán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì fà á kí ẹ jù ú sílẹ̀ láìsí ọfà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ti ta á tán, ẹ tú ọsán kúrò, kí ẹ gbé ọrun náà lé èèkàn méjì, jìnnà sí iná ààrò.